Ẹ̀rọ Tó Dúró

Kíkà fún òní: Jeremáyà 18:1–6, 36:18–32

Mo pa ẹ̀rọ. Ọ̀pá dúdú tó ti ń yí bí òkòtó láti ìgbà tí mo dé rọra dẹwọ́, ó yí, ó yí, ó dúró. Mo fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀, mo fi ẹnu kálípà há a, mo tẹ̀ síbi iná láti ka nọ́ńbà. 13.4. Mìlímítà 13 géérégé ni mo ń wá. Ohun tó kù láti fá kò ju ìnípọn bébà mẹ́rin tí a tò léra lọ. Mo kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo tan ẹ̀rọ padà, mo fá ìwọ̀nba díẹ̀, mo tún pa á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí àwa mélòó kan jọ ń lò ní Birmingham níhìn-ín. Kálàmù ni mò ń ṣe, àkọ́kọ́ tí màá fi ọwọ́ ara mi ṣe láyé. Kì í ṣe bírò. Kálàmù olómi ni, irú èyí tí àwọn bàbá wa máa ń fi há àpò àyà lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ń gbé tàdáwà sínú ara rẹ̀, tó ní níbù tó mú ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ.

Ẹ̀rọ léètì la fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ti gbé ṣáàfù mọ́tò lọ bá àwọn tó ń fá irin ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó mọ ẹ̀rọ yìí. Ó máa ń fi ẹnu di nǹkan mú, á sì máa yí i. Ọ̀bẹ kì í sáré káàkiri. Ohun tí à ń ṣe gan-an ló ń yí wá bá ọ̀bẹ, tí ọ̀bẹ sì ń ṣí i láwọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá tí mo lò jẹ́ ebonite, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè títí ó fi le bí igi. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, òórùn imí ọjọ́ náà á tú jáde bíi pé àná ni wọ́n sè é, ohun tí ọ̀bẹ sì fá kúrò á máa ká jáde bí okùn dúdú gígùn. Ohun àtijọ́ ni. Láti ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń fi í ṣe kálàmù, nítorí tàdáwà kì í jẹ ẹ́. Ó sì máa ń wù mí láti rántí pé ní nǹkan bí ọdún 1895, rọ́bà igi irẹ́, láti inú igbó ilẹ̀ Yorùbá wa, ń gba èbúté Èkó kọjá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu, títí àwọn tó ń kọ igi náà lára fi kọ ọ́ kọ ọ́ tó fi ń kú. Ta ló mọ ibi tí oje igi ìgbà náà dé?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ebonite ni mo ṣe dé ibẹ̀. Nítorí bàbá mi ni.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Kì í ṣe akọ̀wé ìjọba. Tábìlì kan, àga méjì àti agboòrùn ńlá kan ló ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn tí kò mọ ìwé kọ á wá sọ ohun tó wà nínú wọn fún un, òun á sì kọ ọ́ sí àwọn ọmọ wọn ní Jos, ní Kàdúná, ní Èkó. Kálàmù olómi kan ṣoṣo ló fi ṣe iṣẹ́ yìí ní gbogbo ìgbà tí mo fi mọ̀ ọ́n. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí láyè láti jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ tábìlì lẹ́yìn ilé ìwé, kí n máa di ìgò tàdáwà mú kó má bàa dànù.

Ìyá arúgbó kan wá lọ́jọ́ kan tí inú rẹ̀ ru púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò tíì fi nǹkan ránṣẹ́ láti ìgbà ọdún iṣu. Bàbá mi ti kọ ìkíni tán nígbà tí ìyá náà na ìka sí bébà, ó ní, “Kọ ọ́ sí i pé kò ní ìyá mọ́.” Bàbá mi gbé kálàmù sókè. Níbù rẹ̀ kò ju ìbú ìka kan lọ sí bébà. Kò kọ, kò sì gbé e sílẹ̀.

“Akọ̀wé, ṣé o ò gbọ́ ni?”

“Mo gbọ́, Ìyá. Mo ń dúró dè yín ni.”

Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Ọmọ kan tó ń kiri obì kọjá, ó pariwo ọjà rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ojú mi kò kúrò lára níbù yẹn. Mo ń retí kí tàdáwà kán sórí bébà kó bà á jẹ́, ṣùgbọ́n kò kán. Ìyá náà wá fi etí ìró nu ojú. Ó ní, “Má tíì kọ ìyẹn. Bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ le.” Nígbà náà ni kálàmù balẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí Orin Dáfídì 45, níbi tí akọrin ti fi ahọ́n rẹ̀ wé kálàmù akọ̀wé tó mọṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Yíyára yẹn ni àwọn oníwàásù máa ń gbé ga. Bí mo bá gbọ́ ọ, kálàmù tó dúró lókè bébà lọ́wọ́ bàbá mi ni mo máa ń rí, nítorí n kò mọ akọ̀wé tó yáwọ́ jù ú lọ ní gbogbo Ọ̀yọ́.

Ọdún 2004 ni mo dé ìlú yìí. Ọdún 2013 ni ìwé ìgbélùú mi tó jáde. Ọdún mẹ́sàn-án. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde, n kò ní lè fi èkejì wọlé padà bá ìyàwó àti ọmọ méjì tí mo ní níbí. Lẹ́tà ọ́fíìsì á dé, á ní wọ́n ṣì ń wo ọ̀rọ̀ mi. Oṣù méjìlá á kọjá, òmíràn á dé, á sọ ohun kan náà. Ọdún 2011 ni bàbá mi kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dúró sí ipò mi, òun ló bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹnìkan gbé fóònù súnmọ́ ibojì kí n lè gbọ́ orin, atẹ́gùn ni mo sì gbọ́ jù. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù Bàbá jọ, wọn kò rí kálàmù rẹ̀. Bóyá ó jábọ́, bóyá ẹnìkan mú un, ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Bó ṣe di pé mo fẹ́ ṣe òmíràn nìyẹn. Mo lè rà á. Wọ́n ń tà á ní ìgboro, ìlú tí mo sì wà yìí jẹ́ ìlú kálàmù láti ayébáyé: ní Birmingham ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ jù nínú níbù irin tí ayé ń lò ní ọ̀rúndún 19, àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin ló sì ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀. Inú ilé iṣẹ́ kálàmù àtijọ́ kan ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kálàmù wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Legge Lane. Owó níbù ni Josiah Mason, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é, fi kọ́ ilé àwọn ọmọ òrukàn ní Erdington, òun náà ló fi dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó padà di Yunifásítì Birmingham sílẹ̀. N kò fẹ́ rà á. Mo fẹ́ mọ bí tàdáwà ṣe lè wà lẹ́nu níbù kó má kán.

Ọ̀pá àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí ẹ̀rọ bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní wà.

Kálàmù ní apá mẹ́ta tí a ń fá: ìdérí, ìdí tí tàdáwà ń gbé, àti ọrùn tí ìka ń dì mú. Ọrùn ní láti wé wọ ìdí bí ìdérí ìgò ṣe ń wé, torí náà a máa ń lu ihò sínú ìdí, a ó sì gé tírẹ́ẹ̀dì sí ògiri ihò náà. Tírẹ́ẹ̀dì tèmi jẹ́ ti mìlímítà 9, ihò rẹ̀ sì ní láti jẹ́ 8.25. Mo ti wọn ẹnu dẹ́rìlì, ó pé. Mo tan ẹ̀rọ, mo ti dẹ́rìlì wọlé. Ó yẹ kí n máa fà á jáde léraléra kí ohun tó ń fá lè dànù, kí ihò náà sì tutù, kí n tún máa wo bóyá ó ṣì ń tọ àárín lọ. Ṣùgbọ́n ó ń lọ dáadáa, ó sì dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ tó bá ń lọ kì í wu ènìyàn láti dá dúró. Nígbà tí mo pa ẹ̀rọ tí mo wọn ihò náà, 8.6 ló jẹ́. Dẹ́rìlì ti mì jáde kúrò ní àárín, ó ti jẹ ẹnu ihò fẹ̀. Mo gé tírẹ́ẹ̀dì sí i bẹ́ẹ̀ náà, mo wé ọrùn wọ ọ́, ó wọlé díẹ̀, ó yọ̀. Tírẹ́ẹ̀dì ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀ ayé.

Àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, òyìnbó tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ irin. Ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga.

“Ìgbà wo lo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn?”

“Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò ni.”

“Ohun tí o wọ̀n kí o tó bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ báyìí mọ́.”

Ó dá a padà fún mi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Mo fi í sápò lọ sílé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ka Jeremáyà orí 18, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ń sá lọ bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa: wòlíì náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé amọ̀kòkò, ìkòkò bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń mọ ọ́n, onítọ̀hún sì tún fi amọ̀ kan náà mọ òmíràn. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń mọ̀kòkò ní Dada ní Ìlọrin rí mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí ìkòkò bá wọ́, ọwọ́ á gba amọ̀ náà jọ, omi díẹ̀ á kàn án, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó wà lápò mi kì í ṣe amọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, mo dàgbà láàárín àwọn afíngbá, mo sì mọ̀ pé igbá tí ọ̀bẹ bá ti là kọjá kò ní ètùtù. Ohun tí a fá kúrò kì í padà sára. Ọdún mẹ́sàn-án kì í padà sára. Òkú tí wọ́n ti sin, a kì í tún un sin nítorí ọmọ tó pẹ́ dé. Mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, mo sì sọ ọ́ sókè pé, Olúwa, ìtàn yìí kò bá tèmi mu.

N kò pa ìwé náà dé. Mo ń ṣí i lọ, bí ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà tí oorun kò wá, mo sì dé orí 36. Jeremáyà kan náà ni. Ó ń sọ̀rọ̀, Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ sì ń fi tàdáwà kọ ọ́ sínú ìwé kíká. Ọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́tàlélógún ni. Wọ́n ka ìwé náà sétí ọba Jèhóíákímù nígbà òtútù, ó jókòó síbi iná, ó ń fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e bí wọ́n ti ń kà á, ó ń sọ ọ́ síná títí kò fi ku nǹkan kan. Ọ̀bẹ tí akọ̀wé fi ń gbẹ́ kálàmù gan-an ni ọba fi pa iṣẹ́ kálàmù run.

Mo wá Ọlọ́run nínú orí náà bóyá màá rí i kó máa gbá eérú jọ. N kò rí i. Kò sọ eérú di ìwé padà. Kò sì sọ fún Bárúkù pé ohun tó jóná kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n mú ìwé kíká mìíràn. Bárúkù jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Ìwé kejì wá gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n fi kún un. Bóyá nínú ìwé kejì yẹn ni a ti ń ka ìtàn amọ̀kòkò títí di òní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo ra ọ̀pá mìíràn.

Mo wá kọ́ láti máa dá ẹ̀rọ dúró. Mo lu ihò díẹ̀, mo pa á, mo wọ̀n ọ́n. Mo fá díẹ̀, mo pa á, mo wọ̀n ọ́n. Bí ẹnìkan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí, á ní ọ̀lẹ ni mí, nítorí nínú wákàtí mẹ́ta tí mo ń lò níbẹ̀, ìgbà tí ẹ̀rọ fi dákẹ́ pọ̀ ju ìgbà tó fi ń ké lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyí ni mo ṣàkíyèsí ohun kan tí ọwọ́ mi ti mọ̀ tipẹ́ kí ọkàn mi tó mọ̀ ọ́n.

A kì í fọwọ́ kan ohun tó ń yí lórí léètì. Òfin àkọ́kọ́ ni. Ká ká apá aṣọ sókè, ká bọ́ òrùka, ká má fi ìka súnmọ́ ọn, nítorí á gbé e lọ. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, tí ohun tí ọ̀bẹ ń fá ń fò, tí gbogbo ènìyàn ń rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, irin nìkan ló ń kan ọ̀pá náà. Ìgbà tó bá dúró ni ọwọ́ mi lè dé ara rẹ̀. Nígbà náà ni mo lè fi àtàǹpàkò nù ún, kí n gbé ojú mi súnmọ́ ọn débi pé èémí mi ń bà á, kí n yẹ ibi tó gún àti ibi tó kù wò. N kò súnmọ́ kálàmù yẹn rí tó bí ìgbà tó dà bíi pé mo ti fi í sílẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú kálípà lọ́wọ́. Mo ń rántí àwọn òru tí mo fi bi Ọlọ́run pé ṣé ó ti gbàgbé mi ni.

Èmi kò ní sọ pé òun ló di ìwé mi mú kí n má bàa sin bàbá mi. Mo ti gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ láti ẹnu àwọn tó fẹ́ tù mí nínú, ó sì dùn mí dé egungun. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni fáìlì tó pẹ́ lórí tábìlì. Ọba ló sun ìwé Bárúkù, Ọlọ́run kọ́. Ohun tí mo ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀: mo ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìkọ̀sílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, mo sì ṣì í kà. Mo rántí báyìí pé ọdún wọ̀nyẹn ni mo kọ́ láti gbàdúrà láìṣe ariwo. Ọdún wọ̀nyẹn ni ìyá arúgbó kan nínú ìjọ wa ń pè mí ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ béèrè nípa ìwé, á kàn ní, “Ọmọ mi, o ti jẹun?” Ọwọ́ kan wà lára mi. Mo ń retí ariwo ọ̀bẹ ni n kò fi mọ̀ ọ́n.

Ó tún yẹ kí n sọ ti Àjàyí Crowther, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lára Bíbélì tí mo fi ka orí 36 yẹn. Ọdún 1850 ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti Ìwé Róòmù jáde. Ọdún 1884 ni Bíbélì Yorùbá tó pé lódindi jáde, lẹ́yìn tí òun àti àwọn bíi Thomas King ti ṣe wàhálà tí ẹnu kò lè ròyìn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà láàárín méjèèjì. Kálàmù tí wọ́n ń tì bọ tàdáwà ni ayé ń lò lásìkò náà: ọ̀rọ̀ mélòó kan, ọwọ́ á padà sínú ìgò, ọ̀rọ̀ mélòó kan, ọwọ́ á tún padà. Ọdún 1884 yẹn náà ni Lewis Waterman gba ìwé àṣẹ lórí kálàmù olómi tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí àwọn tó ń kọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ ìgò. Nígbà tí kálàmù tó ń yára dé, Bíbélì wa ti parí. Àwọn tó ń ti kálàmù bọ ìgò ló ṣe é.

Bí kálàmù olómi ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, mo sì ti wá mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Níbù ni apá kan ṣoṣo tí n kò ṣe. Jámánì ló ti wá. Lábẹ́ rẹ̀ ni nǹkan dúdú kan wà tó dà bí ahọ́n, tí wọ́n la ojú ọ̀nà tín-ín-rín sí láàárín. Ojú ọ̀nà náà tín-ín-rín débi pé tàdáwà ń lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, kò lè dà wálẹ̀ ṣàà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà dé inú lọ́hùn-ún àyàfi ojú ọ̀nà yẹn kan náà. Bí níbù bá kan bébà, bébà á fa tàdáwà díẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á gòkè lọ gba ipò rẹ̀. Bí níbù bá gbéra, gbogbo rẹ̀ á dúró. Tàdáwà wà níbẹ̀ lẹ́nu gan-an, ó pé, ó tutù, ó ń dúró. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá rí ibòmíràn gbà wọ inú ibi tí tàdáwà wà, á máa kán sórí ìwé kiri, irú kálàmù bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà fún ìyá tí inú ń bí.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò gùn láti sọ. Tírẹ́ẹ̀dì ìdérí jẹ́ mẹ́ta tó ń tẹ̀lé ara wọn, kí ìdérí lè ṣí ní ìyípo kan ààbọ̀. Mo fi sáńpépà olómi ra gbogbo rẹ̀, láti orí èyí tó le lọ sí èyí tó kúnná, títí mo fi dé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 12000, tí ó rọ̀ bí awọ etí ọmọ ìkókó. Ó wá dúdú, ó ń dán, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ọjọ́ tó parí, kí n tó fa tàdáwà sínú rẹ̀, mo dúró tì í lórí tábìlì ilé ìdáná wa mo sì gbàdúrà. Mo gbàdúrà fún ìwọ tí ò ń ka èyí láàárọ̀ yìí, tí ò ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá oníwèé yóò kàn án. Mo gbàdúrà fún ẹni tó ń dúró de èsì dókítà, fún ẹni tí ilé ẹjọ́ ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, fún tọkọtaya tí wọ́n ti ń ka oṣù. Mo ní, Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n rò pé o ti lọ. Jẹ́ kí wọ́n mọ ọwọ́ rẹ lára wọn kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Èyí tí ọ̀bẹ sì ti gé kúrò lára wọn, tí kò ní padà mọ́, jókòó tì wọ́n kí ẹ jọ sunkún rẹ̀, kí o sì fún wọn ní ìwé mìíràn.

Mo ti níbù bọ ìgò, mo fa tàdáwà dúdú wọlé. Mo tẹ́ bébà. Ìlà àkọ́kọ́ gbẹ, àpá lásán ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ṣùgbọ́n mo mú sùúrù, mo di níbù náà mú síbi tó wà. Mo rí tàdáwà tó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ojú ọ̀nà àárín níbù, títí ojú bébà fi tutù ní ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́ ni mo kọ ọ́ sí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orí fóònù la máa ń sọ̀rọ̀, láàárín ariwo àti iná tó ń lọ, a kò sì jẹ́ sọ ti ọjọ́ ìsìnkú yẹn rí. Mo bẹ̀rẹ̀ bí Bàbá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo lẹ́tà tó kọ fún gbogbo ènìyàn: pé inú mi yóò dùn bí lẹ́tà yìí bá bá wọn ní àlàáfíà, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi mí sílẹ̀. Mo béèrè ara wọn àti ti àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà mo gbé kálàmù sókè, n kò mọ bí màá ṣe kọ èyí tó kù. Mo dì í mú lókè bébà. Kò kán.

Nígbà tó ṣe, mo gbé e balẹ̀ mo sì kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀ sọ fún mi, láti àárọ̀ tí ẹ jí. Aṣọ wo ni ẹ wọ̀ fún Bàbá?”